Ọ̀rọ̀ Tí Ń Pòórá Nínú Ìfẹ́sọ́nà: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Olùkọ́ àti Àwọn Òbí

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí jẹ mọ́ ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ mọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ nínú àwa àgbà kò tíì fi ọkàn sí. Ohun náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ tí ń pòórá, èyíinì ni ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán tí a fi ránṣẹ́ lórí fóònù, tí ó sì ń pa ara rẹ̀ rẹ́ nígbà tí àkókò tí a dá fún un bá pé. Àwọn tí ń wá ọkọ tàbí aya lórí áàpù ìfẹ́sọ́nà a máa lò ó púpọ̀. A kò kọ ẹ̀kọ́ yìí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì kọ ọ́ láti fi àwọn ọ̀dọ́ ṣe ẹlẹ́yà. A kọ ọ́ kí olùkọ́ tí ọmọ bá tọ̀ wá pẹ̀lú omijé lójú lè mọ ohun tí ó yẹ kí ó sọ, àti èyí tí kò yẹ.

ÌKÍNÍ: BÍ Ó TI RÍ NÍ ÀTIJỌ́

Kì í ṣe òní ni àwọn olólùfẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn wà ní ìkọ̀kọ̀. Kí ìwé kíkà tó dé ilẹ̀ Yorùbá, àrokò ni a fi ń sọ ohun tí ẹnu kò lè sọ ní gbangba. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ tí a sì fi ránṣẹ́ sí ènìyàn túmọ̀ sí pé ọkàn ẹni tí ó rán an fà sí ẹni náà, nítorí pé ẹ̀fà àti fífà bá ara wọn mu ní ohùn. Bí ẹni tí a rán an sí bá dá ẹyọ mẹ́jọ padà, ó wí pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ ara wọn. Ọmọdé tí ó gbé e lọ lè máà mọ ìtumọ̀ rẹ̀ rárá. Ìkọ̀kọ̀ wà nínú rẹ̀; ṣùgbọ́n àrokò kì í pòórá. Ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó gbà á, kò sì rọrùn fún ẹni tí ó rán an láti wí ní ọ̀la pé òun kò rán nǹkan.

Alárenà sì wà pẹ̀lú. Òun ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin. Òun ni ó mọ ilé tí olúkúlùkù ti wá. Òtítọ́ ni pé bí a bá mọjú ara wa tán, alárenà a yẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó yẹ̀, ó ti di ẹlẹ́rìí. Ẹ jẹ́ kí a fi ohun méjì yìí sọ́kàn, nítorí pé orí wọn ni gbogbo ẹ̀kọ́ yìí dúró lé: ìkọ̀kọ̀ kì í ṣe ohun búburú nínú ara rẹ̀, ẹ̀rí sì jẹ́ ààbò fún ẹni tí ó ń ṣe òtítọ́.

ÈKEJÌ: BÍ Ẹ̀RỌ NÁÀ TI Ń ṢIṢẸ́

Áàpù ìfẹ́sọ́nà ni a lè pè ní alárenà ti ayé òde òní. Tinder, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2012, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí a mọ̀ jù. Ó ń fi àwòrán àwọn ènìyàn hàn wá. Bí ẹni méjì bá sì yan ara wọn, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n alárenà yìí kò mọ ilé baba ẹnikẹ́ni. Bí ẹnìkan bá fi orúkọ àti àwòrán ẹlòmíràn síbẹ̀, ó lè pẹ́ kí a tó mọ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àwọn méjèèjì sábà máa ń kúrò lórí áàpù náà lọ sí ibòmíràn tí ọ̀rọ̀ ti lè pòórá. Snapchat, tí ó jáde ní ọdún 2011, ni ó sọ àwòrán tí ń pòórá di ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń lò káàkiri ayé. Signal mú àtẹ̀jíṣẹ́ tí ń pòórá wọlé ní ọdún 2016. WhatsApp, tí ó wà lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wa, ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020. Ọjọ́ 7 ni ọ̀rọ̀ ń lò nígbà náà kí ó tó parẹ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, wọ́n fi àwòrán tí a lè wò ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kún un. Nígbà tí ó sì di oṣù Kejìlá ọdún náà, ẹni tí ó bá fẹ́ lè yan wákàtí 24 tàbí 90 ọjọ́.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Nígbà tí a bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, àṣẹ kan bá a lọ, tí ó wí pé, nígbà tí àkókò bá pé, kí áàpù tí ó wà nínú fóònù méjèèjì pa á rẹ́. Àṣẹ náà kò kọjá inú áàpù. Kò lè dí ojú ẹni tí ń kà á. Kò lè dá ọwọ́ ẹni tí ń ya àwòrán ojú fóònù, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní skrínṣọ́ọ̀tì, dúró ní gbogbo ìgbà. Àní níbi tí áàpù bá ti kọ skrínṣọ́ọ̀tì, ẹni náà lè gbé fóònù kejì sí òkè ti àkọ́kọ́, kí ó sì ya ohun tí ó rí. Àwọn tí ó ni WhatsApp pàápàá kìlọ̀ fún àwọn tí ń lò ó pé ẹni tí ó gba ọ̀rọ̀ lè dà á kọ tàbí kí ó fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn kí ó tó pòórá.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà tí ó fi èyí hàn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2014, Federal Trade Commission, ìgbìmọ̀ ìjọba tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, fi ẹ̀sùn kan Snapchat pé ìlérí tí ó ṣe fún àwọn ènìyàn kì í ṣe òtítọ́. Pé ọ̀nà púpọ̀ wà tí ẹni tí ó gba àwòrán lè fi tọ́jú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà parí sí àdéhùn: Snapchat kò gbọdọ̀ tan àwọn ènìyàn mọ́ nípa ohun tí ó ń ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ wọn, a ó sì máa ṣọ́ ọ fún 20 ọdún. Bí ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ kò bá lè ṣèlérí pé àwòrán yóò pòórá, ẹ̀yin olùkọ́, ta ni nínú àwọn ọmọ wa tí ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà?

ẸKẸTA: ÀǸFÀÀNÍ TÍ Ó WÀ NÍNÚ RẸ̀

Kò tọ́ kí a wí pé gbogbo ẹni tí ń lo àtẹ̀jíṣẹ́ tí ń pòórá ní ohun búburú lọ́kàn. Fóònù lè sọnù nínú ọkọ̀. Olè lè jí i. Àbúrò lè mú un kí ó sì ka ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún gbogbo ilé gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìgbà tí a ń fẹ́ra sọ́nà kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú àpò fún ọdún mẹ́wàá. Bí ẹni méjì tí wọ́n ti mọ ara wọn bá fi ohùn kan wí pé kí ọ̀rọ̀ àwọn máa parẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 7, wọn kò ṣẹ̀. Òbí tí ó bá rí i lórí fóònù ọmọ rẹ̀ tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo yóò lé ọmọ náà jìnnà sí ara rẹ̀, ní àkókò tí ọmọ náà nílò rẹ̀ jù.

ẸKẸRIN: IBI TÍ ÌDẸKÙN WÀ

Ìdẹkùn náà nìyí: pípòórá kì í bá ẹni méjì dọ́gba. Olóòótọ́ a jẹ́ kí ọ̀rọ̀ lọ, nítorí pé ó gbẹ́kẹ̀ lé ẹnìkejì. Ẹlẹ́tàn a ya tirẹ̀ pamọ́. Nígbà tí ọ̀ràn bá dé, ohun tí ó lè dójú tì wá wà lọ́wọ́ ẹlẹ́tàn. Ohun tí ìbá gbà wá, èyíinì ni ìlérí rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fún owó, àti ìhalẹ̀ rẹ̀, ti pòórá lọ́wọ́ wa. Ẹ̀rí tí àrokò àti alárenà ń tọ́jú fún àwọn méjèèjì ti di ti ẹnìkan ṣoṣo.

Ọ̀nà méjì ni àwọn oníjìbìtì ń gbà lo èyí. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti owó. Ẹni tí a kò rí rí yóò sọ ọ̀rọ̀ dídùn, yóò mú wa kúrò lórí áàpù ìfẹ́sọ́nà ní kíákíá, níbi tí àwọn tí ó ni áàpù náà kò ti lè rí ìwà rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà àìsàn yóò dé, tàbí ẹrù tí àwọn aṣọ́bodè gbà, yóò sì tọrọ owó. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ń pòórá lójoojúmọ́, kò sí ohun tí a ó mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ọ̀nà kejì burú ju èyí lọ. Ẹlẹ́tàn yóò bẹ̀ wá fún àwòrán ìhòòhò, yóò ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun yóò wò ó. Nígbà tí ó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, yóò wí pé, bí a kò bá san owó, òun yóò fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ará wa. Ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí wa. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan ní Michigan ní Amẹ́ríkà pa ara rẹ̀, láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí irú ìhalẹ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó rò pé ọmọbìnrin ni òun ń bá sọ̀rọ̀. Ọmọ ìyá méjì láti Èkó ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. A mú wọn lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 2023, ilé ẹjọ́ sì rán wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 17 àti ààbọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Orí Instagram ni ó ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe orí áàpù ìfẹ́sọ́nà. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ẹ̀tàn náà kò yàtọ̀. Nítorí náà ẹ̀kọ́ yìí kan ilé méjì láàárín wa: ilé ẹni tí a lè tàn, àti ilé ẹni tí ó lè di atannijẹ. Kí a kọ́ àwọn ọmọkùnrin wa pẹ̀lú pé ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ wọn ń pè ní ọgbọ́n orí lè gba ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ.

ẸKARÙN-ÚN: ÌLÀNÀ MẸ́RIN FÚN ÀWỌN Ọ̀DỌ́

1. Kí ẹni tí ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán ránṣẹ́ bi ara rẹ̀ pé, Bí èyí kò bá pòórá ńkọ́? Bí kò bá lè fara dà á kí ó wà títí, kí ó má ṣe fi í ránṣẹ́ rárá. Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

2. Owó àti àdéhùn kò gbọdọ̀ bá ọ̀rọ̀ tí ń pòórá rìn. Ẹni tí ó fẹ́ yá owó, tàbí tí ó ṣe ìlérí ìgbéyàwó, kí ó kọ ọ́ síbi tí yóò wà. Bí ó bá kọ̀, ó ti dá wa lóhùn.

3. Kí a rí ojú ẹni kí a tó fi ọkàn fún un. Kí ìpàdé àkọ́kọ́ wà ní gbangba, ní ọ̀sán, kí ẹnìkan ní ilé sì mọ ibi tí a lọ.

4. Àwòrán tí ẹlòmíràn fi sí ìkáwọ́ wa kì í ṣe tiwa. Ẹni tí ó bá yà á pamọ́ láìgba àṣẹ ti da ìgbẹ́kẹ̀lé, ì báà jẹ́ pé kò fi í han ẹnikẹ́ni.

ẸKẸFÀ: BÍ ÌHALẸ̀ BÁ TI DÉ

Kí ọmọ náà má ṣe san owó; ẹni tí a bá san fún yóò tún padà wá. Kí ó má ṣe pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ nítorí ìtìjú. Kí ó mú fóònù mìíràn ní kíákíá, kí ó ya àwòrán ìhalẹ̀ náà kí ó tó pòórá, pẹ̀lú orúkọ tí ẹni náà ń jẹ́, ọjọ́, wákàtí, àti nọ́ńbà àkáǹtì tí ó ní kí a san owó sí. Lẹ́yìn náà kí ó fi ẹjọ́ ẹni náà sun áàpù, kí ó sì dí ọ̀nà mọ́ ọn. Kí ó sọ fún àgbàlagbà kan ní ọjọ́ náà gan-an.

Òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn ti kọ̀ǹpútà fi ìyà sí orí ẹni tí ó bá fi ẹ̀rọ halẹ̀ mọ́ ènìyàn láti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ní ẹ̀ka tí ń rí sí ọ̀ràn yìí; EFCC pẹ̀lú ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníjìbìtì. Fún àwọn ará wa ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ṣẹ̀ ni ní òfin láti fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ hàn láìgba àṣẹ, tàbí láti halẹ̀ pé a ó fi í hàn. Iṣẹ́ kan sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń pè ní StopNCII, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2021. Ó ń mú àmì kan jáde láti ara àwòrán náà lórí fóònù ẹni tí ó ni ín, láìjẹ́ pé àwòrán gan-an kúrò níbẹ̀. Facebook, Instagram, TikTok àti Bumble sì lè fi àmì náà mọ àwòrán, kí wọ́n dènà rẹ̀. Àwọn tí kò tíì pé ọdún 18 ní tiwọn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Take It Down. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ọmọ náà gbọ́ lẹ́nu wa kì í ṣe “Kí ló dé tí o fi ránṣẹ́?” Ọ̀rọ̀ náà ni, “O ṣeun tí o sọ fún mi. A ó jọ rí sí i.” Ìbáwí lè dúró di ọ̀la, ẹ̀mí kò lè dúró. Ohun tí ẹlẹ́tàn gbẹ́kẹ̀ lé ni pé ọmọ wa bẹ̀rù wa ju òun lọ. Ẹ jẹ́ kí a já a kulẹ̀.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àrokò ẹyọ mẹ́fà àti àwòrán tí a lè wò ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo?
2. Èé ṣe tí pípòórá ọ̀rọ̀ fi ń ran ẹlẹ́tàn lọ́wọ́ ju olóòótọ́ lọ?
3. Irú ọ̀rọ̀ wo ni ó tọ́ kí ó pòórá láàárín ẹni méjì tí wọ́n ń fẹ́ra sọ́nà, irú èwo ni kò tọ́?
4. Bí irú ìhalẹ̀ yìí bá dé bá ọ̀kan nínú yín ní alẹ́ òní, ta ni yóò kọ́kọ́ sọ fún? Kí olùkọ́ má ṣe béèrè ìdáhùn èyí ní gbangba; kí olúkúlùkù kọ orúkọ náà sí ìwé ti ara rẹ̀, kí ó sì pa á mọ́.