Ta Ló Ran Ta Lọ́wọ́ Nínú Ogun Bìáfírà?

Òkè Bọ́lá ni ẹ jẹ́ ká ti mú ẹ̀kọ́ yìí. Àdúgbò yẹn n'Ìbàdàn ni ilé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà, ọwọ́ rẹ̀ sì ni àpò ìjọba àpapọ̀ wà nígbà ogun abẹ́lé. Oṣù kẹjọ ọdún 1966 ni Gowon, olórí ìjọba ológun, dá a sílẹ̀ lẹ́wọ̀n Kàlàbá; nígbà tí yóò fi di ọdún kejì, ó ti di kọmíṣánnà ètò ìnáwó. Ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 1967 ni Ojukwu, gómìnà ológun ìlà-oòrùn Nàìjíríà, kéde agbègbè náà ní orílẹ̀-èdè Bìáfírà. Ìbọn dún lọ́jọ́ 6 oṣù keje, kò sì dákẹ́ títí di oṣù kìíní ọdún 1970.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti ka ìtàn ogun Vietnam yóò kọ́kọ́ béèrè pé, apá ibo ni àwọn kọ́múníìsì wà? Ní Vietnam, ìbéèrè yẹn ní ìdáhùn: Rọ́ṣíà àti Ṣáínà ń ran àríwá lọ́wọ́, Amẹ́ríkà dúró ti gúúsù. Ẹni tó bá gbé òṣùwọ̀n yẹn wá sí Nàìjíríà, yóò ṣìnà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti Rọ́ṣíà, tí wọn kì í fojú ire wo ara wọn, àwọn méjèèjì ló ń ta ohun ìjà fún Gowon. Ṣáínà, kọ́múníìsì paraku, gbè sẹ́yìn Bìáfírà. Ibẹ̀ náà la ti bá Faransé ti de Gaulle, àti Potogí tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ kọ́múníìsì sétí. Nyerere ti Tanzania, tó ń fi ujamaa, ètò sósíálísì tirẹ̀, ṣèlú, ló kọ́kọ́ gba Bìáfírà ní orílẹ̀-èdè, lóṣù kẹrin ọdún 1968. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Houphouët-Boigny ti Côte d'Ivoire, ọ̀tá kọ́múníìsì, ṣe bákan náà.

Nítorí náà, ẹ pa ìbéèrè yẹn tì, kí ẹ bi orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan pé: kí ni ìwọ ń bẹ̀rù kó má bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́?

Ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni epo rọ̀bì. Oṣù kẹfà ọdún 1967 ni ogun Ísírẹ́lì àti àwọn Lárúbáwá ti ọ̀nà omi Suez pa, bẹ́ẹ̀ Shell-BP ń wa epo lápá ìlà-oòrùn wa. Èkó, níbi tí ìjọba àpapọ̀ wà nígbà náà, ń béèrè owó epo, Ojukwu náà ń béèrè. London kọ́kọ́ ń fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún, kí ó tó dúró ti Èkó gbọn-in. Síbẹ̀, ìbọn àti ọkọ̀ ogun orí ilẹ̀ ni Wilson, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, gbà láti tà; ó kọ̀ láti ta bàálù ajagun. Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ ní òun kò ní ta ohun ìjà fún ẹnikẹ́ni. Àyè yẹn ni Rọ́ṣíà rí. Lóṣù kẹjọ, bàálù MiG tí wọ́n ti tú palẹ̀ balẹ̀ sí Kánò nínú bàálù akẹ́rù ńláńlá, àwọn awakọ̀ òfurufú ọmọ Íjíbítì sì wà lára àwọn tó ń wà wọ́n. Oṣù yẹn gan-an ni ọmọ ogun Bìáfírà, tí Victor Banjo ọmọ Yorùbá ṣáájú, gba Bìní, tí wọ́n sì dé Ọ̀rẹ̀. Ẹni tí ogun ti dé Ọ̀rẹ̀ bá, kò ní béèrè ẹ̀sìn ẹni tó ń ta bàálù fún un.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Faransé fẹ́ kí Nàìjíríà fọ́ sí wẹ́wẹ́, nítorí èèyàn rẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé tó yí i ká lọ. Potogí kò fẹ́ kí Áfíríkà gba òmìnira, Àǹgólà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó yá Bìáfírà ní erékùṣù São Tomé. Ṣáínà ń bá Rọ́ṣíà jà, ó tán.

Láti São Tomé, bàálù ń fò lóru lọ sí Uli ní Bìáfírà, níbi tí wọ́n ti sọ títì ọkọ̀ di pápákọ̀ òfurufú. Iná ojú títì kì í tàn ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kí bàálù ìjọba àpapọ̀ má baà ríran. Pánla tí àwọn ìjọ Kírísítì fi ń gba ọmọ tí ebi ń pa lọ́wọ́ ikú, àti ìbọn, títì kan náà ni wọ́n jọ ń balẹ̀ sí. Ebi yẹn, ìdènà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe wà nídìí rẹ̀, ipa tí Awólọ́wọ̀ kó níbẹ̀ sì ṣì ń fa àríyànjiyàn títí dòní.

Èyí tí kò sí àríyànjiyàn lé lórí ni ti owó. Ní oṣù kìíní ọdún 1968, Awólọ́wọ̀ pààrọ̀ owó bébà Nàìjíríà. Àpótí owó àtijọ́ tí àwọn aṣojú Bìáfírà ń gbé kiri ilẹ̀ Yúróòpù láti fi ra ìbọn di bébà lásán. Ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ náà ń wá owó: Rọ́ṣíà kò fúnni ní bàálù lọ́fẹ̀ẹ́, ogun sì ti da iṣẹ́ epo rú. Kòkó ló kù tó lè mówó wá, àwọn àgbẹ̀ abúlé Ìbàdàn sì wà lára àwọn tó ń gbìn ín. Iye tí ìjọba ń ra kòkó lọ́wọ́ wọn kò tó nǹkan, owó orí sì ń ga sí i. Ọdún 1968 àti 1969 ni àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà fárígá, tí wọ́n ń bá ọlọ́pàá jà. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ló lọ bá Tafa Adéoyè, olórí wọn, àtàwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìjọba sì dín owó orí kù sí pọ́n-ùn méjì.