ORIN TÍ À Ń JÓ SÍ ÀTI IYÌ ỌMỌBÌNRIN

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ló wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, nítorí àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Jos ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ní ọlidé tó kọjá, àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé, ó sì ń kọ orin Yorùbá kan tó gbòde. Ìyá àgbà wa tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ jókòó nítòsí. Ọmọ náà dá orin dúró, ó bi wọ́n pé, "Ìyá àgbà, kí ni ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí?" Ẹ̀yà ara obìnrin ni, orúkọ tí ènìyàn kì í pè láwùjọ ni olórin sì fi pè é. Ìyá àgbà kò bú u. Èmi ni wọ́n yíjú sí: "Ìwọ tí o ń lọ sí yunifásítì, ṣé Yorùbá tí ẹ̀ ń kọ́ àbúrò yín nìyí?" N kò rí èsì fọ̀. Inú fóònù mi ni ọmọ náà ti gbọ́ orin yẹn, èmi náà ni mo sì kọ́ ọ ní ijó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a dàgbà lẹ́yìn odi ju ẹnikẹ́ni lọ. Òyìnbó là ń sọ nílé ìwé, Haúsá là ń sọ lọ́jà. Orin ni olùkọ́ Yorùbá fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Orúkọ tí orin bá pe obìnrin ni ọmọdébìnrin yóò rò pé òun ń jẹ́.

ṢÉ ÀWỌN BABA WA KÒ KỌ IRÚ ORIN YÌÍ?

Wọ́n kọ ọ́. Bí wọ́n bá ń ṣọdún Òkè'Bàdàn ní Ìbàdàn, tọkùnrin tobìnrin a máa kọrin nípa nǹkan abẹ́ ní gbangba, kò sì sí ẹni tí í bínú. Ṣùgbọ́n orin náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Bí ọdún bá ti parí, oníkálukú a pa ẹnu rẹ̀ dé. Tiwa ti òde òní kò ní ọjọ́, kò ní ààlà. A ń gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ láàárọ̀, a ń gbọ́ ọ níbi ọjọ́ ìbí ọmọ ọdún márùn-ún.

TA LÓ Ń SỌ̀RỌ̀ NÍNÚ ORIN?

Ẹ rántí ẹkún ìyàwó ti àwọn ará Ọ̀yọ́, Ìsẹ́yìn àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọbìnrin tó ń lọ sílé ọkọ fúnra rẹ̀ ló ń sun ún. Yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ òbí, yóò ki ìdílé rẹ̀, yóò tọrọ àdúrà. Ó mọ ọmọ ẹni tí òun í ṣe, ó sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Nínú ọ̀pọ̀ fídíò orin òde òní, ọkùnrin ló ń sọ̀rọ̀. Obìnrin kò lóhùn, wọ́n kà á mọ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti owó. Ibẹ̀ ni iyì ti ń jò, kì í ṣe nínú ijó. Àwọn ìyá wa jó bàtá àti dùndún, iyì wọn kò dínkù.

A kò sì gbọdọ̀ sọ pé gbogbo orin ìgbàlódé ló burú. Salawa Abeni kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tó ṣe àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1976. Ní 1981, Christy Essien-Igbokwe, ọmọ ìpínlẹ̀ tí à ń pè ní Akwa Ibom lónìí, kọ "Ṣeun Rere" ní èdè Yorùbá, ó sì fi gba ọmọ níyànjú. Ní 1989, Sunny Adé àti Onyeka Onwenu kọ "Wait for Me" láti sọ fún àwọn ọ̀dọ́ olólùfẹ́ pé kí wọ́n ní sùúrù. Àwọn ènìyàn jó sí àwọn orin wọ̀nyí dáadáa.

TA NI KÍ A DÁ LẸ́BI?

Ìjọba dá àjọ NBC sílẹ̀ ní 1992 láti máa ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Àjọ náà ti fòfin de orin púpọ̀, ṣùgbọ́n orin tí wọ́n dè lórí rédíò kò lọ kúrò nínú fóònù wa.

Ẹ̀yin arákùnrin wa, ẹ má fi ẹrù yìí lé obìnrin nìkan lórí. Ta ló ń pariwo orin yẹn tẹ̀ lé ọmọbìnrin tó ń kọjá níwájú họ́sítẹ́ẹ̀lì? Kò sí orin, kò sí aṣọ, tó fún ọkùnrin láṣẹ láti fọwọ́ kan ẹni tí kò gbà fún un. Ẹni tó fọwọ́ kàn án ló ni ìtìjú.

KÍ NI ṢÍṢE?

1. Kí a mọ ìtumọ̀ orin kí a tó fi kọ́ ọmọdé.
2. Kí ẹgbẹ́ wa jókòó yan orin tí a ó lò níbi àríyá wa, kí a má fi gbogbo rẹ̀ lé DJ lọ́wọ́.
3. Kí á kọ́ àwọn àbúrò wa ní oríkì wọn.

Kí Ìyá àgbà tó padà sílé, wọ́n kọ́ àbúrò mi ní oríkì ilé wa. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ láago báyìí, ó ń kì í fún mi, mo sì ń gbọ́ ariwo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń jó sí i. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ: Èwo nínú àwọn orin tí o fẹ́ràn ni o lè kọ níwájú ìyá rẹ? Èwo ni o kò lè kọ, kí sì nìdí?