Ẹ Má Jẹ́ Ká Jẹ Ojú Owó
Ẹ̀kọ́ lórí owó ìrànwọ́ fún àwọn ọmọ wa ní yunifásítì

Bíbélì kíkà: 2 Àwọn Ọba 4:1–7, 1 Kọ́ríńtì 16:1–2, 2 Kọ́ríńtì 8:20–21

Ète ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ ìyàtọ̀ láàárín owó tí a ń dá ní ọdọọdún tí a sì ń ná tán, àti owó tí a fi sílẹ̀ títí láé, tó jẹ́ pé èrè rẹ̀ nìkan ni a ó máa ná lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù mẹ́ta yìí kan gbogbo ilé tí ọmọ wà, nítorí náà a bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ní agbègbè wa, láti Ìlaròó títí dé Ayétòrò, ilé ẹ̀kọ́ gíga kò jìnnà sí wa mọ́ bíi ti ayé àwọn ìyá wa. Ní 1979 ni ìjọba àpapọ̀ dá Pólì sílẹ̀ ní Ìlaròó. Ní 1982 ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn bẹ̀rẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè, èyí tí a ń pè ní Olabisi Onabanjo University láti 2001. Ayétòrò sì ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ wà. Ohun tó jìnnà sí wa ni owó. Bí ọmọ bá rí ìwé ìgbaniwọlé gbà, ilé ẹ̀kọ́ á dá ọjọ́ tí owó àkọ́kọ́, tí àwọn ọmọ ń pè ní acceptance, gbọ́dọ̀ wọlé. Ọjọ́ náà kì í dúró de ọjọ́ ọjà, kì í sì í dúró de ìgbà tí ẹ̀gẹ́ yóò tó wú. Nígbà tí owó kò bá sì ká ọmọ méjì, a mọ ẹni tí wọ́n sábà máa ń sọ fún pé kó ní sùúrù: ọmọbìnrin ni. Ọ̀pọ̀ wọn ń ní sùúrù náà títí wọ́n fi wọ ilé ọkọ.

1. Àwọn tó ṣáájú wa

Kíkó owó jọ láti rán ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́ kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ní 1938, ẹgbẹ́ àwọn Ìbíbíò dáwó jọ, wọ́n sì rán ọmọ mẹ́fà lọ kàwé ní òkè òkun. Nígbà tí a fi ìdí Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà múlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1948, lára ohun tí wọ́n kọ sínú ìlànà wọn ni fífi owó ẹ̀kọ́ ran ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin Yorùbá lọ́wọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama àti yunifásítì. Ní oṣù Kíní 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Òógùn àwọn àgbẹ̀ kòkó wà nínú owó tí ìjọba fi ṣe é. Àwa náà ń ṣe tiwa: a ń dá àjọ, a ń dá èésú, a ń gbé igbá ọrẹ káàkiri ní ọjọ́ ìkórè, a sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ kan tàbí méjì ní nǹkan.

Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n àléébù kan wà nínú rẹ̀: ọdún tí ọjà bá dùn ni owó ń wọlé. Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú wa. Ní oṣù Kẹjọ 2019 ni ìjọba ti ẹnubodè. Oṣù Kẹrin 2022 kó tó di pé wọ́n ṣí ti Ìdí-Ìrókò padà. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ nìyẹn. Ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń lọ ṣe ní yunifásítì. Ọmọ tó jẹ́ pé owó tí à ń dá lọ́dọọdún nìkan ló gbójú lé, kí ni yóò ṣe nígbà tí ìyá tó ń dáwó kò rí ọjà tà?

2. Ojú owó àti èrè

Kò sí oníṣòwò nínú wa tí kò mọ ohun tí à ń pè ní ojú owó. Bí ìyá kan bá ra gàárì ₦20,000, tó tà á ní ₦24,000, ₦20,000 ni ojú owó rẹ̀, ₦4,000 sì ni èrè. Bó bá ná èrè, yóò tún padà sọ́jà. Bó bá jẹ ojú owó, ọjà ti tán nìyẹn. Àgbẹ̀ náà mọ̀ ọ́n: bí ebi ti wù kó pa á tó, kì í fi gbogbo eèbù iṣu se ọbẹ̀.

Ohun kan náà ni àwọn yunifásítì ńlá ayé ń ṣe, tí wọ́n ń pè ní endowment. Wọ́n kó owó kan jọ, wọ́n fi òfin dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ná an, wọ́n sì fi í sí ibi tí yóò ti máa bímọ. Ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń ná lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó. Àwọn tó fi owó náà sílẹ̀ lè ti kú láti ọgọ́rùn-ún ọdún, síbẹ̀ ọmọ kan yóò wọlé lọ́dún yìí lórí owó wọn.

Ẹ wo opó inú ìwé Àwọn Ọba. Gbèsè fẹ́ kó ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì lọ sóko ẹrú. Ìkòkò òróró kan ló ní nílé. Wòlíì kọ́kọ́ ní kó lọ yá ìkòkò lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò, kó má sì yá díẹ̀. Iye ìkòkò tó yá ni òróró náà kún mọ; ìgbà tí ìkòkò tán ni òróró dá. Lẹ́yìn náà ló tà á, ó san gbèsè, òun àti àwọn ọmọ sì ń jẹ nínú èyí tó kù. Aládùúgbò ló ní àwọn ìkòkò yẹn. Obìnrin kan ṣoṣo kò lè dá owó irú èyí sílẹ̀, àfi bí gbogbo àdúgbò bá gbé ìkòkò wá.

3. Alágbàfọ̀ kan ní Amẹ́ríkà

Bí ẹnì kan nínú wa bá ń wí pé iṣẹ́ olówó lèyí, ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn Oseola McCarty fún un. Ní 1908 ni a bí i ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Kíláàsì kẹfà ló wà nígbà tí àìsàn mú àǹtí rẹ̀, ó sì fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láti tọ́jú rẹ̀. Kò padà mọ́. Ó gba aṣọ fọ̀ fún nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gọ́rin ní ìlú Hattiesburg. Kò ra mọ́tò rí. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Díẹ̀díẹ̀ ló ń fi owó sí báńkì, kì í sì í yọ ọ́.

Nígbà tó dàgbà, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì bi í léèrè ẹni tó fẹ́ fi owó náà fún. Wọ́n kó ẹyọ owó mẹ́wàá síwájú rẹ̀ kó fi pín in. Ó mú ọ̀kan fún ìjọ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹbí mẹ́ta, ó sì ya mẹ́fà tó kù sọ́tọ̀ fún University of Southern Mississippi, kí wọ́n fi ran àwọn ọmọ tí kò lówó lọ́wọ́. Dọ́là 150,000 ni ìpín náà. Ọdún 1995 ni èyí, ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ni. Yunifásítì yẹn kò gba èèyàn dúdú wọlé títí di 1965. Nígbà tí àwọn oníṣòwò ìlú gbọ́, àwọn náà mú tiwọn wá kún un, akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ sì jẹ àǹfààní rẹ̀ kí ìyá náà tó papòdà ní 1999. Ẹni tí kò rí ìwé kà ló ṣílẹ̀kùn ìwé fún ẹlòmíràn.

4. Bí a ṣe lè bẹ̀rẹ̀

Pọ́ọ̀lù kọ́ àwọn ará Kọ́ríńtì pé kí olúkúlùkù máa ya nǹkan sọ́tọ̀ ní ọjọ́ kìíní ọ̀sẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ rẹ̀ ti ká a. Ká ní ọgọ́ta obìnrin ń mú ₦500 wá lọ́sẹ̀. ₦30,000 nìyẹn, ní ọ̀sẹ̀ méjìléláàádọ́ta, ó di ₦1,560,000. Bí èlé bá jẹ́ náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ọgọ́rùn-ún, ₦234,000 ni yóò mú wá lọ́dún kan. Ẹ má ná gbogbo rẹ̀. Ẹ dá ₦78,000 padà sínú ojú owó, kí ẹ fi ₦156,000 ran ọmọ mẹ́ta lọ́wọ́, ₦52,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọdún kejì yóò pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló dé tí a fi ń dá nínú èrè padà? Nítorí ọ̀wọ́n ọjà. Ohun tí a ń rà ní ₦1,000 ní oṣù Kejìlá 2023 ti di nǹkan bí ₦1,348 ní oṣù Kejìlá 2024, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ìjọba. Owó tó dúró lójú kan ń rù bí a kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Nítorí náà a kò gbọdọ̀ dáwó dúró lẹ́yìn ọdún kìíní, a kò sì gbọdọ̀ fi owó náà pamọ́ sínú àpótí. Ẹ béèrè ní báńkì nípa bọ́ǹdì ìfowópamọ́ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 2017: ₦5,000 ni a lè fi bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni èlé rẹ̀ ń wọlé. Ẹ sá fún ẹni tó bá ní òun yóò sọ owó di ìlọ́po méjì lóṣù kan. A kò tíì gbàgbé ẹkún MMM ní oṣù Kejìlá 2016.

5. Ẹ̀yáwó ìjọba ńkọ́?

Láti 2024 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó láti ọwọ́ NELFUND. Kò ní èlé. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ₦20,000 lóṣù fún ìtọ́jú ọmọ. Lẹ́yìn ọdún méjì tí ọmọ bá parí ìsìnlú, tó sì ti ríṣẹ́, ni sísan padà ń bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ló wà fún. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbà á. Ẹ rí i pé NIN, BVN àti ìwé JAMB wọn bára mu. Ṣùgbọ́n owó fọ́ọ̀mù, owó àkọ́kọ́ àti owó ọkọ̀ máa ń ṣáájú ẹ̀yáwó. Ibẹ̀ ni owó tiwa yóò ti wúlò jù.

Ìjọba ti yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó rí. Ní 1972 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó kan sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó yá a kò san án padà. Ní 1993 wọ́n fi Báńkì Ẹ̀kọ́ rọ́pò rẹ̀, òun náà kò sí mọ́. Ojú owó tí a jẹ kì í pẹ́ di ìtàn.

6. Ìwé ìṣirò tó mọ́

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kó ọrẹ àwọn ìjọ, ó rán ju ẹnì kan lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀sùn kà sí i lọ́rùn. Ẹ jẹ́ ká ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ó jẹ́ pé ẹni mẹ́ta ni yóò fọwọ́ sí ìwé kí owó tó jáde. Kí a máa ka ìṣirò sétí gbogbo ẹgbẹ́ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kí ọmọ alága àti ọmọ akápò gba ìdánwò kan náà pẹ̀lú ọmọ opó. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé òkú ṣíṣe, àlejò gbígbà, àti òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, kò lè jáde nínú ojú owó yìí. Èyí ló máa nira jù, nítorí ọjọ́ tí òrùlé bá ń jò, gbogbo ojú yóò wo ibẹ̀. Kí a ti fẹnu kò kí ọjọ́ náà tó dé.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ọmọbìnrin mélòó nínú ìjọ wa ló rí ìwé ìgbaniwọlé gbà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí kò lè lọ?
2. Kí nìdí tí wòlíì fi kọ́kọ́ ní kí opó náà lọ yá ìkòkò?
3. Bí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì bá bàjẹ́ lọ́la, níbo ni a ó ti rí owó láìfọwọ́ kan ojú owó?
4. Èló ni olúkúlùkù wa lè mú wá lọ́sẹ̀ láìpa ọjà rẹ̀ lára?

Àdúrà

Olúwa, ìwọ tó bùkún ìkòkò òróró opó, bùkún ọwọ́ wa. Fún wa ní ọkàn tó lè gbin ohun tí a lè má bá wọn kórè. Máṣe jẹ́ kí ọmọ kankan ní Yewa pàdánù ọ̀nà rẹ̀ nítorí owó tí a ìbá ti dá jọ. Àmín.