Ọkọ mi ní ọwọ́ òun ni ìwé mi wà

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí, ọmọ ọdún 34. Físà àlejò ni mo gbà wọ Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún mi, mi ò sì padà. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, mo fẹ́ ọmọ Yorùbá kan ní kóòtù níbí ní Houston. Ó ti di ọmọ onílùú Amẹ́ríkà tipẹ́. A fẹ́ràn ara wa, mi ò sanwó fún un kó tó fẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ó ti lé lọ́dún kan báyìí, kò tíì fi fọ́ọ̀mù kankan ránṣẹ́. Uber ló ń wà, ó ní owó kò tíì pé. Nígbà tá a jà lóṣù tó kọjá, ó ní kí n má gbàgbé pé ọwọ́ òun ni ìwé mi wà, pé bí òun bá tẹ fóònù lẹ́ẹ̀kan, Ìjẹ̀bú-Igbó ni mà á ti jí. Ó bẹ̀ mí lọ́jọ́ kejì. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n wá fi ìwé ẹ̀gbọ́n òun ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, pé gbogbo ayé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ara màmá mi ò sì yá nílé, mo fẹ́ lọ wò wọ́n. Ohun kan tún wà tí mi ò mọ̀ bóyá ó ṣe pàtàkì: ọkọ mi ti ṣe ìdána fún obìnrin kan ní Abẹ́òkúta kó tó wá sí Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n wọ́n ti tú ká. Ẹ jọ̀ọ́, mà, kí ni kí n ṣe?
Ìyàwó tí kò níwèé, Houston.

Àbúrò mi, iṣẹ́ tí arábìnrin ṣọ́ọ̀ṣì yẹn fẹ́ fi ọ́ sí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, nítorí òun ni ó lè ba gbogbo ìyókù jẹ́ ní ọ̀sán kan ṣoṣo. Má gbà á.

Mo mọ ìdí tí ó fi wù ọ́. Obìnrin tí ó ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ nílé, tí ó wá dé ìlú òyìnbó tí ó ń tọrọ owó ìpara lọ́wọ́ ọkọ, ojú a máa tì í. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí ó wà nínú lílo ìwé oníwèé. Ibi iṣẹ́ tí ó bá ń tẹ̀lé òfin yóò gbé fọ́ọ̀mù I-9 síwájú rẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Fọ́ọ̀mù náà yóò ní kí o fi àmì sí irú ẹni tí o jẹ́, kí o sì fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni. Bí ẹ̀gbọ́n arábìnrin yẹn bá jẹ́ ọmọ onílùú, ibi tí wọ́n kọ ọmọ onílùú Amẹ́ríkà sí ni wàá fi àmì sí. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1996 sọ pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílùú, tí ó bá pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti fi rí iṣẹ́ tàbí àǹfààní mìíràn, gíríìnkáàdì ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ ìyàwó ọmọ onílùú, ó lè ti bímọ mẹ́ta fún un, kò yí i padà. Fọ́ọ̀mù ìdáríjì wà fún oríṣiríṣi ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn USCIS tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì. Fún èyí, kò sí. Bí o bá ti fọwọ́ sí irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ rí, lọ́yà ni kí o kọ́kọ́ sọ fún, kí o má sọ fún ẹlòmíràn, kí o má sì tíì fi ohunkóhun ránṣẹ́.

Èyí tí ó ń dùn mí jù ni pé ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ń bà ọ́ lẹ́rù gan-an ni òfin gbójú fò fún irú rẹ. O gba físà wọlé, aṣọ́bodè yẹ̀ ọ́ wò, ó sì jẹ́ kí o kọjá. Fún ẹni tí ó bá wọlé bẹ́ẹ̀, tí ó sì jẹ́ ìyàwó ọmọ onílùú, pé ọjọ́ tí wọ́n fún un ti kọjá kò dí i lọ́wọ́ láti béèrè gíríìnkáàdì láìkúrò ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ ní gíríìnkáàdì lásán, tí kò tíì di ọmọ onílùú, kò ní àǹfààní yìí, nítorí náà kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má fi ọ̀rọ̀ tìrẹ ṣe àpẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n má ṣe rò pé ẹ̀tọ́ láti béèrè ló túmọ̀ sí pé wọn kò lè mú ọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ní San Diego, wọ́n mú àwọn kan tí ọjọ́ físà wọn ti kọjá, tí wọ́n sì fẹ́ ọmọ onílùú, níbi tí wọ́n ti wá dáhùn ìbéèrè gíríìnkáàdì. Láti ọdún 2025 kan náà ni USCIS ti sọ pé bí àwọn bá kọ ìwé ẹni tí kò ní àṣẹ ìgbélùú mìíràn, àwọn yóò fún un ní ìwé ìpè sí kóòtù tí wọ́n ti ń lé ènìyàn padà sílé. Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ kí o fọwọ́ ara rẹ kọ fọ́ọ̀mù kan lórí tábìlì ìdáná kí o sì jù ú sí ilé ìfìwéránṣẹ́.

Ti màmá rẹ wá ńkọ́? Mo mọ ohun tí mò ń sọ bá ọ, ó sì wúwo: má lọ. Ọjọ́ rẹ ti kọjá ju ọdún kan lọ. Bí o bá fẹsẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà báyìí, òfin ti fi ọdún 10 ṣe odi sẹ́yìn rẹ. Bí ìwé rẹ bá ti wọlé tí o sì jáde láìgba ìwé ìyọ̀ǹda ìrìn àjò, USCIS yóò kà á sí pé o ti pa ìbéèrè rẹ tì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, Ààrẹ Trump tún fi Nàìjíríà kún àwọn orílẹ̀-èdè tí ó dí ọ̀pọ̀ ọ̀nà ìwọlé mọ́, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026. Bá màmá rẹ sọ̀rọ̀ lórí fídíò lójoojúmọ́, fi owó tí agbára rẹ bá ká ránṣẹ́ fún ìtọ́jú wọn, kí o sì ṣàlàyé fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ kí wọ́n má baà pè ọ́ ní ọmọ tí ó gbàgbé ìyá.

Ìkéde Ààrẹ Trump yẹn kan ìwé rẹ náà. USCIS ti sọ pé àwọn yóò dá ìpinnu dúró lórí ìwé àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ náà kàn, títí àwọn yóò fi tún un yẹ̀ wò. Kí èyí tó dé, ìwé àṣẹ iṣẹ́ a máa jáde láàárín oṣù díẹ̀. Ní báyìí, ìwọ àti lọ́yà ni ẹ ó jọ wo bí ọjọ́ ti rí. Lójú tèmi, ẹni tí ìwé rẹ̀ wà lórí ìlà sàn ju ẹni tí kò tíì tò.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ tí o fi sí ìdí lẹ́tà rẹ bí ẹni pé kò tó nǹkan: ìdána Abẹ́òkúta. Àbúrò mi, níbẹ̀ ni mo ti dìde jókòó dáadáa. Ìgbéyàwó tí òfin ìlú tí wọ́n ti ṣe é bá kà sí ìgbéyàwó, Amẹ́ríkà náà yóò kà á sí ìgbéyàwó. Nàìjíríà sì mọ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ní ìgbéyàwó. Àwa ni a máa ń sọ pé "ìdána lásán ni, a ò dé kóòtù." Òyìnbó kò mọ ìdána lásán. I-130, fọ́ọ̀mù tí ọkọ rẹ yóò fi béèrè fún ọ, yóò béèrè iye ìgbà tí ó ti gbéyàwó. Bí ó bá kọ ẹ̀ẹ̀kan, tí àwòrán òun àti obìnrin yẹn nínú aṣọ òfì bá sì wà lórí Facebook ẹbí kan, wàhálà dé. Bi í pẹ̀lú sùúrù: kí ni ó kọ sínú ìwé tirẹ̀ nígbà tí ó ń gba gíríìnkáàdì, àti nígbà tí ó ń di ọmọ onílùú? Ṣé ó pe ara rẹ̀ ní àpọ́n? Lẹ́yìn náà, báwo ni wọ́n ṣe tú ká? Pé obìnrin náà kó ẹrù rẹ̀ lọ kò tó. Bí ó bá jẹ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan, ìwé ìtúká láti kóòtù ìbílẹ̀ ni ó yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá dé rẹ́jísírì, ilé-ẹjọ́ gíga nìkan ló lè tú u.

Ọjọ́ tí wọ́n tú ká náà ṣe pàtàkì. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ ṣáájú oṣù Kejì ọdún 2025, ẹ̀rí rẹ̀ ni ẹ ó wá. Bí kò bá tíì tú ká lójú òfin ní ọjọ́ yẹn, ìgbéyàwó tìrẹ ní Houston kò fìdí múlẹ̀. Ẹ ó tú ti àkọ́kọ́ ká ná, kí ẹ sì tún padà lọ sí kóòtù láti fẹ́ ara yín. Ó dùn láti gbọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó sàn kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi ju kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá USCIS lọ. Kí ọkọ rẹ má sì lọ ra ìwé ìtúká lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Irọ́ inú ìwé a máa pẹ́ ju ìwé lọ.

Jẹ́ ká wá dé orí gbólóhùn tí ó bí ọ nínú: pé ọwọ́ òun ni ìwé rẹ wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. I-130 ni tirẹ̀, òun ni yóò fi sọ fún ìjọba pé ìwọ ni ìyàwó òun. I-864, ìwé tí yóò fi ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ, tirẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n I-485 tí wọ́n fi ń béèrè gíríìnkáàdì, tìrẹ ni. I-765 tí wọ́n fi ń béèrè àṣẹ iṣẹ́, tìrẹ ni, orúkọ rẹ àti àwòrán rẹ ni yóò wà lórí káàdì náà, inú fọ́ọ̀mù yẹn náà lo sì ti lè béèrè nọ́ńbà Social Security. Nítorí pé ọmọ onílùú ni ọkọ rẹ, ẹ lè kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan ṣoṣo. Ka ojú ewé kọ̀ọ̀kan kí o tó fọwọ́ sí i, kí o sì ní ẹ̀dà tìrẹ.

Owó I-130 jẹ́ dọ́là 675 bí ẹ bá fi ránṣẹ́ nínú àpò ìwé, I-485 jẹ́ 1,440, I-765 jẹ́ 260. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ dọ́là 2,375, láìka owó dókítà àti ti lọ́yà. Ẹ tún wo iye owó lórí ojúlé USCIS lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ san án. Káàdì báǹkì tàbí àkáǹtì ni wọ́n ń gba owó báyìí, wọn kò gba sọ̀wédowó àti mọ́nì ọ́dà mọ́ láti ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Dókítà tí USCIS fọwọ́ sí ni yóò yẹ̀ ọ́ wò, èsì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá I-485 lọ nígbà kan náà. Ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ láti ọ̀dọ̀ àjọ NPC ní Nàìjíríà, ẹ tètè ní kí ẹnìkan nílé lọ ṣe é.

Owó kì í ṣe kékeré lóòótọ́. Síbẹ̀, mo fura sí ohun mìíràn. Ẹni tí yóò ṣe onígbọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ kó ìwé owó-orí tí ó san fún ìjọba jáde, owó tí ń wọlé fún un lọ́dún sì gbọ́dọ̀ fi ìdá kan nínú mẹ́rin ju òdiwọ̀n tí ìjọba fi ń mọ tálákà lọ. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni kì í tọ́jú ìwé owó-orí wọn dáadáa, ojú sì máa ń tì wọ́n láti sọ ọ́ fún ìyàwó. Bi í léèrè lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ bá dùn. Bí ìwé owó-orí bá ti fà sẹ́yìn, ẹ wá oníṣirò owó tí yóò tò ó. Bí owó rẹ̀ kò bá tó, ẹlòmíràn tí ó jẹ́ ọmọ onílùú tàbí oní-gíríìnkáàdì lè bá a gbọ̀wọ́, ṣùgbọ́n kí ẹni náà mọ̀ pé gbèsè òfin ni ó ń tọwọ́ bọ̀, ìkọ̀sílẹ̀ pàápàá kì í pa á rẹ́.

Bí USCIS bá fọwọ́ sí ìbéèrè gíríìnkáàdì rẹ kí ìgbéyàwó yín tó pé ọdún méjì, káàdì ọlọ́dún méjì ni wọn yóò fún ọ. Ẹ ó tún fi fọ́ọ̀mù I-751 béèrè ní 90 ọjọ́ tí ó bá ṣáájú ọjọ́ tí káàdì náà yóò parí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀rí ìgbé ayé yín jọ báyìí: ìwé ilé tí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà nínú rẹ̀, àkáǹtì àjọni, ìwé ìbánigbófò. Àwòrán òde àríyá dára, kò tó.

Ìdúnkookò yẹn, mi ò ní fojú fo ó. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú ìbínú tí ó sì bẹ̀bẹ̀ lè jẹ́ ẹni rere tí ó ṣìwà hù. Ẹni tí ó bá ń tún un sọ, tí ó ń gba fóònù rẹ, tí ó ń kó ìwé rẹ pamọ́, tàbí tí ó fọwọ́ kàn ọ́, ìyẹn ti di ìkà. Òfin kan wà fún irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1994, tí wọ́n ń pè ní VAWA. Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ ń fìyà jẹ lè fi fọ́ọ̀mù I-360 béèrè fún ara rẹ̀ láìsanwó, láìjẹ́ pé ọkọ fọwọ́ sí ohunkóhun, òfin sì ka á léèwọ̀ fún USCIS láti sọ fún ọkọ náà. Ìyà tí ó jẹ́ ti ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìdúnkookò náà lè wọ inú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́ nìkan. Kọ ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ tí ó sọ lóṣù tó kọjá sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá le, pe nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ fún àwọn tí wọ́n ń fìyà jẹ nínú ilé, 1-800-799-7233, ọ̀sán tòru ni wọ́n ń gbé e, wọ́n sì lè wá ẹni tí yóò túmọ̀ èdè fún ọ.

Lọ́sẹ̀ yìí, wá lọ́yà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì, tàbí kí o béèrè lọ́wọ́ Cabrini Center ti Catholic Charities ní Houston níbẹ̀. Pásítọ̀ àti ẹni tí ń kọ fọ́ọ̀mù fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe lọ́yà. Sọ gbogbo ohun tí o kọ sí mi fún un, àti ìdána náà. Ṣùgbọ́n kí o tó jáde nílé, wá páásípọ́ọ̀tì rẹ, tẹ ìwé I-94 rẹ, tí ó fi ọjọ́ tí o wọlé hàn, jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí o kó méjèèjì síbi tí ìwọ nìkan mọ̀. Tí páásípọ́ọ̀tì náà bá wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ, ní kí ó fún ọ lónìí. Ìdáhùn tí ó bá fún ọ ni kí o kọ́kọ́ sọ fún lọ́yà.