Àpérò Kọ́, Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ni

Bí ìsinmi bá dé, tí àwọn ọmọ tó wà ní yunifásítì bá ti wálé, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ìlú a máa ṣètò. Ní ìlú bíi Kúta, wọ́n á ké sí ọ̀jọ̀gbọ́n tàbí lọ́yà kan tó jẹ́ ọmọ bíbí ibẹ̀ pé kó wá bá àwọn àbúrò sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí wọ́n lè yàn láàyò. Ohun tó dára ni. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára pátákó: "Àpérò Ńlá."

Ẹnì kan ló máa dìde sọ̀rọ̀, igba èèyàn ló máa jókòó tẹ́tí. Ta ló wá bá ta pé rò níbẹ̀? Ibi tí olúkúlùkù ti ń dá sí ọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń fẹnu kò síbì kan kí wọ́n tó túká, ni àpérò. Ibi tí ẹnì kan ti ń kọ́ni, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni. Èyí tí ọ̀jọ̀gbọ́n tuntun ń ṣe ní yunifásítì, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni. Èyí tí wọ́n ń ṣe nígbà ìgboyèjáde, òun náà ni. Bí ìjíròrò bá wá tẹ̀lé e, tí àwọn ọmọ náà rí ààyè sọ tẹnu wọn, ẹ pe apá yẹn ní àpérò, n kò bá yín jà.

Ẹni tó di makirofóònù mú, atọ́kùn ètò là ń pè é. Ọ̀dọ̀ eégún la ti yá orúkọ yẹn. Atọ́kùn ló ń mú eégún kiri, òun ló ń là á lọ́nà, kì í sì í jó ju eégún lọ. (Àwọn atọ́kùn ètò kan wà tó yẹ kí ẹ ka gbólóhùn yìí fún lẹ́ẹ̀mejì.)

Ìkíni wọn ló ń bí mi nínú jù. "Gbogbo ìlànà ìkíni la ti tẹ̀lé." Nígbà wo? Òyìnbó "all protocols observed" ni wọ́n tú sí Yorùbá, kò sì sí Yorùbá nínú rẹ̀. A kì í sọ pé a ti kí èèyàn, ńṣe là ń kí i. Bí Olówu Kúta bá wà níjòókòó pẹ̀lú àwọn ìjòyè, ta ló máa gbójú sókè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú adé? "Kábíyèsí o, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ kú ìkàlẹ̀ o." Ó parí. Ẹ kíyè sí "ìkàlẹ̀" yẹn: àwọn tó jókòó ní àwùjọ la ṣe é fún. Bí ọmọdé bá sì pòwe níbẹ̀, kó yáa fi "tótó, ó ṣe bí òwe o" tì í, kí àgbà lè dá a lóhùn pé "wà á rí òmíràn pa."

"Mo fẹ́ lo àǹfààní yìí láti dúpẹ́" náà ń kọ́? "Mo dúpẹ́" ti tó.

Orí iṣẹ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀. Ẹni tó kọ "Ise" lásán sára pátákó láìfi àmì sí i, iṣẹ́ ló ń wí ni, àbí ìṣẹ́, àbí ìṣe? Iṣẹ́ òòjọ́ ni èyí tí èèyàn ń ṣe jẹun lọ́wọ́lọ́wọ́. Iṣẹ́ ààyò ni èyí tó fọkàn yàn, tó fẹ́ kí wọ́n fi mọ òun. Èyí kejì ni àwọn ètò wọ̀nyí dá lé. Láti 1973 sì ni àjọ ITF (Industrial Training Fund) ti ní ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbi iṣẹ́ kí wọ́n lè fọwọ́ ara wọn ṣe ohun tí wọ́n kà. Mo ní kí wọ́n máa pè é ní ìkọ́ṣẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì àti télọ̀ nìyẹn. Kí ló wá ṣe mẹkáníìkì? Òun náà ní ọ̀gá, òun náà kọ́ṣẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ ńlá ni àwọn onímọ̀ ṣe nígbà tí wọ́n kó ọ̀rọ̀ ìmọ̀ jọ sínú ìwé Èdè Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú ìdìpọ̀ kìíní rẹ̀ ní 1984. Gírámà, lítíréṣọ̀ àti ìkọ́ni ló nílò irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èdè àwùjọ kò nílò rẹ̀, ó ti wà nílẹ̀ kí yunifásítì tó dé. Yunifásítì tó súnmọ́ Kúta, ìyẹn Bowen ní Ìwó, orúkọ Thomas Jefferson Bowen ló ń jẹ́, míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà tó tẹ ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá jáde ní 1858. Àlejò ṣe bẹ́ẹ̀, onílé wá ń tú "all protocols" sí Yorùbá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ tó dùn létí ju "ìkọ́ṣẹ́" lọ, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Títí ìgbà náà, ẹ lọ tún pátákó yín kọ.