Gbogbo Alángbá Ló Danú Délẹ̀: Ẹ̀yìn Ríro àti Ọwọ́ Chiropractor

Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ríro rí. Awakọ̀ dánfó tó ti jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Òṣòdì dé Ọbáléndé ń di ìbàdí mú bó bá sọ̀ kalẹ̀. Aránṣọ tó tẹ̀ba sídìí ẹ̀rọ nítorí aṣọ ẹbí tí wọ́n fẹ́ wọ̀ ní Sátidé kò lè yí ọrùn wo ẹni tó ń kí i lẹ́yìn. Ọmọ Yorùbá tó ń tọ́jú arúgbó ní London, tó ń gbé wọn láti orí ibùsùn bọ́ sórí àga, ń jí láàárọ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn tó le gbandi. Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún tí jẹjẹrẹ wà lára rẹ̀, tí kò tíì mọ̀, òun náà ń sọ pé ẹ̀yìn ń ro òun. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń ti ẹnu gbogbo wọn jáde, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń ṣe wọ́n yàtọ̀ síra.

Àìsàn yìí kì í ṣe ti àdúgbò kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, mílíọ̀nù 619 èèyàn ni ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń ro káàkiri ayé, kò sì sí àìlera mìíràn tó ń dá èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ òòjọ́ tó o. Nílé Yorùbá, jẹ̀díjẹ̀dí la kọ́kọ́ máa ń di ẹ̀bi rù. Wọ́n á ní ṣúgà ti pọ̀ jù, wọ́n á ra àgbo. Bí àgbo ò bá kápá rẹ̀, wọ́n á fi Aboniki pa á, tàbí kí bàbá dojú bolẹ̀ lórí ẹní, kí ó ní kí ọmọ kékeré gun òun lẹ́yìn, kí ó máa rìn lọ, kí ó máa rìn bọ̀. Kí á fọwọ́ tún ara ṣe kì í ṣe àjèjì sí wa. Láti ìgbà tí ọmọ ti wà ní jòjòló ni ìyá àgbà ti ń nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí fídíò àwọn chiropractor, àwọn tó ń fọwọ́ tọ́jú ọ̀pá ẹ̀yìn àti oríkèé ara, fi tètè ń wọ èèyàn lọ́kàn. A rí ẹni tó sùn sórí tábìlì, a gbọ́ tí ọrùn rẹ̀ dún kọ̀ọ̀, ó dìde, ó ń sunkún ayọ̀. Ohun tí fídíò kì í fi hàn ni gbogbo ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ kí ọwọ́ tó kan ọrùn náà, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ wà.

Ìlú Davenport, ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1895. Ọmọ ilẹ̀ Kánádà kan, Daniel David Palmer, tó ti ń wo aláìsàn láìlo oògùn, tẹ eegun kan lẹ́yìn Harvey Lillard, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ń tọ́jú ilé tí Palmer ti ń ṣiṣẹ́. Etí Lillard ti di fún ọ̀pọ̀ ọdún. Palmer sọ pé lẹ́yìn tí òun tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́ràn. Láti orí ìyẹn ló ti parí èrò sí i pé eegun ọ̀pá ẹ̀yìn tó yẹ̀ kúrò ní ààyè rẹ̀ ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú àìsàn ọmọ aráyé. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní 1897, ilé ẹ̀kọ́ náà sì wà ní Davenport títí dòní.

Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ lọ gba ìtọ́jú mọ ìtàn yìí, nítorí pé ìdajì rẹ̀ ti di ohun àtijọ́. Ìwádìí kò ti èrò Palmer lẹ́yìn pé eegun tó yẹ̀ ló ń fa àrùn. Ní 2010, General Chiropractic Council, ìgbìmọ̀ tí òfin gbé ka orí iṣẹ́ náà ní Britain, sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé kò sí ẹ̀rí fún un. Ohun tó kù, tó sì wúlò, ni ìtọ́jú ẹ̀yìn, ọrùn àti oríkèé ara tó ń ro tàbí tó gan.

Chiropractor kì í ṣe dókítà tó ń kọ oògùn, kì í sì í ṣe àwọn tó ń to eegun tó ṣẹ́ nílé wa. Eegun tó bá ṣẹ́, ilé ìwòsàn ni ààyè rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fún wọn ní ìwé àṣẹ. Ní Britain, òfin 1994 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti pe ara rẹ̀ ní chiropractor bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé ìgbìmọ̀ tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ẹnikẹ́ni ló sì lè wo orúkọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Nàìjíríà wọn kò pọ̀. Àwọn onífisiotẹ́rápì ló pọ̀ lọ́wọ́ wa, a ó sì padà sórí ọ̀rọ̀ wọn.

Báwo wá ni ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣe ń rí lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀? Ìbéèrè ló máa ń kọ́kọ́ pọ̀. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó ń ta dé ẹsẹ̀? Ṣé ó ń jí èèyàn lóru? Ṣé aláìsàn ṣubú, ṣé ó ń rù láìmọ ìdí, ṣé ara rẹ̀ ń gbóná? Irú iṣẹ́ wo ló ń ṣe, báwo ló sì ṣe ń jókòó sí i? Lẹ́yìn èyí, á ní kí aláìsàn bẹ̀rẹ̀, kí ó nà sẹ́yìn, kí ó yí sọ́tùn-ún yí sósì. Á ní kí ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn, kí ó tún fi gìgísẹ̀ rìn, nítorí pé ẹsẹ̀ tí iṣan rẹ̀ ti ń kú kò ní lè ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì dáadáa. Á fi òòlù kékeré onírọ́bà lu ìsàlẹ̀ eékún, kí ó wo bóyá ẹsẹ̀ á ta. Á ní kí ó dùbúlẹ̀ gbalaja, á wá rọra gbé ẹsẹ̀ kan sókè láìṣẹ́ ẹ ní eékún. Bí ìrora bá ta láti ìbàdí gba ẹ̀yìn itan kọjá eékún lọ, ó ṣeé ṣe kí nǹkan máa tẹ iṣan tó ti ọ̀pá ẹ̀yìn wọ ẹsẹ̀.

Ẹni tí kò bá béèrè nǹkan kan, tí kò yẹ ara wò, tó kàn ní kí aláìsàn dojú bolẹ̀, kí aláìsàn gbé bàtà rẹ̀ kí ó máa lọ. Bákan náà ni ẹni tó bá fẹ́ yàwòrán X-ray gbogbo ẹni tó bá wọlé. Ẹ̀yìn ríro lásán kò nílò rẹ̀, àyàfi bí ohun tí aláìsàn sọ tàbí ohun tí àyẹ̀wò fi hàn bá mú ìfura dání.

Tó bá kan ìtọ́jú, chiropractor á gbé ọwọ́ lé oríkèé tí kò yí dáadáa, á tì í lẹ́ẹ̀kan, kíá, kò ní jìn. Nígbà mìíràn á dún. Ìró náà ló ń dẹ́rù ba àwọn kan, òun náà ló sì ń dùn mọ́ àwọn mìíràn nínú, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eegun ló ń padà sí ààyè rẹ̀. Omi kan wà nínú oríkèé. Bí a bá fa oríkèé náà lójijì, afẹ́fẹ́ á ṣú jọ nínú omi yẹn. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà ya àwòrán rẹ̀ ní 2015 nígbà tí wọ́n ń fa oríkèé ìka ọwọ́ inú ẹ̀rọ MRI, wọ́n sì rí àlàfo afẹ́fẹ́ náà bó ti ń ṣí sílẹ̀. Bí kò bá dún, kò túmọ̀ sí pé ìtọ́jú kò ṣiṣẹ́. Kò sì pọn dandan kó jẹ́ títì kíákíá yìí ni wọ́n á lò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: fún àgbàlagbà, tàbí ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ọ̀pọ̀ wọn a máa rọra na oríkèé, wọn a máa fọwọ́ wọ́ iṣan tó ti le, wọn a sì kọ́ni ní eré ìdárayá tí èèyàn á máa ṣe nílé.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, fún ẹ̀yìn ríro tí kò tíì pẹ́. Ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA gbé àkójọ ìwádìí 26 jáde ní 2017, ohun tó sì fi hàn ni pé títọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn lọ́nà yìí ń dín ìrora kù níwọ̀nba láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ọdún yẹn kan náà, ẹgbẹ́ àwọn dókítà onísẹ̀gùn inú ara ní Amẹ́ríkà fi í sára ohun tí aláìsàn lè kọ́kọ́ gbìyànjú kí ó tó gbé oògùn mì, òun pẹ̀lú ìgbóná, ìwọ́ra àti gígún abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà. Àwọn ará Britain kò gbà pé kó dá dúró: NICE, àjọ tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú níbẹ̀, sọ ní 2016 pé eré ìdárayá gbọ́dọ̀ bá a rìn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, èyí sì jẹ́ ọ̀kan péré nínú àwọn ọ̀nà náà. Ẹni tó bá lọ pẹ̀lú èrò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n á fọwọ́ kan òun tí ìrora ọdún mẹ́wàá á fi lọ, ó ṣeé ṣe kí ó bínú padà sílé. Ara tún lè máa ro ó ní ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn ìtọ́jú. Ìyẹn wọ́pọ̀, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọrùn gba ìṣọ́ra ju ti ẹ̀yìn lọ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ gba inú eegun ọrùn kọjá, àwọn kan sì wà tí iṣan náà ya, tí rọpárọsẹ̀ sì kọlù wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n yí wọn lọ́rùn. Kò wọ́pọ̀ rárá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí kì í tètè gbàgbé. Aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí mi lọ́rùn,” olùtọ́jú tó mọ iṣẹ́ kò sì ní bínú. Bí ọrùn àti orí bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ro èèyàn lọ́nà tí kò rí rí, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí ẹnu rẹ̀ ń wọ́, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Èyí ló gbé wa dé ibi tó ṣe pàtàkì jù. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ̀yìn ríro kan wà tí kò sí chiropractor tó yẹ kó fọwọ́ kàn án, dókítà ló ni ín. Bí ìdí àti agbede méjì itan bá kú tí èèyàn kò mọ ìfọwọ́kàn níbẹ̀ mọ́, tí kò lè tọ̀ tàbí tí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ń dà lára rẹ̀ láìmọ̀, wákàtí ló kù, kì í ṣe ọjọ́: iṣan ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn ló há, bí wọn kò bá sì tètè ṣe iṣẹ́ abẹ, ó lè má sàn mọ́. Bí ẹ̀yìn bá ń ro, tí ibà ń mú èèyàn díẹ̀díẹ̀, tí òógùn ń bò ó lóru, tó ń rù, kí wọ́n yẹ ikọ́ ife wò. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé inú àyà nìkan ni ikọ́ ife ń gbé. Ó ń wọ eegun ọ̀pá ẹ̀yìn, ó sì ń jẹ ẹ́ títí ẹ̀yìn á fi yọ iké.

Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ro, tí kì í fi í lọ́rùn sílẹ̀ lóru, tí ìtọ̀ sì ń ni í lára, kí ó lọ ṣàyẹ̀wò jẹjẹrẹ prósítéètì. Àwa aláwọ̀ dúdú ni jẹjẹrẹ yìí ń bá jà jù, eegun ẹ̀yìn sì wà lára ibi tó kọ́kọ́ máa ń ràn dé. Ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde mọ ìrora eegun ju ẹnikẹ́ni lọ. Àìsàn náà lè pa eegun ìbàdí rẹ̀, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n tì í tàbí fà á láìjẹ́ pé dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ mọ̀ sí i. Bákan náà ni ìyá àgbà tí eegun rẹ̀ ti di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Owó náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n á ní kí aláìsàn san owó ogún tàbí ọgbọ̀n ìpàdé sílẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò yẹ. Bí ara kò bá fúyẹ́ rárá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n dáwọ́ dúró, kí wọ́n tún un wò. Àwọn mìíràn á ní àwọn ń fi títọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn wo ikọ́ fée ọmọdé, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìrọ́mọbí. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ló dá ẹjọ́ sílẹ̀ ní Britain ní 2008, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn chiropractor ibẹ̀ pe òǹkọ̀wé Simon Singh lẹ́jọ́ nítorí ó kọ ọ́ pé kò sí ẹ̀rí pé ó ń wo àìsàn àwọn ọmọdé. Ẹgbẹ́ náà yọwọ́ nínú ẹjọ́ náà ní 2010. Ẹni tó bá dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró nítorí ìlérí báyìí ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ tàfàlà.

Ẹni tí kò rí chiropractor nítòsí kò pàdánù ohun ńlá. Onífisiotẹ́rápì ní UCH Ìbàdàn, LUTH tàbí ilé ìwòsàn OAU ní Ilé-Ifẹ̀ mọ ọ̀pọ̀ nínú ohun kan náà, eré ìdárayá sì ni iṣẹ́ wọn gan-an. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní England, èèyàn lè forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún fisiotẹ́rápì NHS, ètò ìlera ìjọba, láìkọ́kọ́ rí dókítà, kò sì ní sanwó. Kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, kí aláìsàn má dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ̀yìn tí kò rìn ń le sí i ni. Kí awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì, kí ó rìn yí ọkọ̀ ká kí èrò tó kún. Kí aránṣọ gbé àga rẹ̀ ga díẹ̀, kí ó má baà máa tẹ ọrùn wo abẹ́rẹ́.

Bí ọjọ́ ìpàdé bá sì pé, kí aláìsàn kọ orúkọ gbogbo oògùn tó ń lò sínú ìwé mú dání, pàápàá èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, irú warfarin, nítorí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ya sábẹ́ awọ ara. Kí ó fi àgbo kún un. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ti àgbo pamọ́ torí ojú ń tì wọ́n, bẹ́ẹ̀ olùtọ́jú nílò láti mọ ohun tó ti wọ inú ara náà kó tó gbé ọwọ́ lé e.