Ọkọ Mi Ló Pààrọ̀ Iṣẹ́, Kí Ló Dé Tí Owó Orí Tèmi Fi Lọ Sókè?

ÌBÉÈRÈ: Ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, owó mi kò sì yí padà láti ọdún tó kọjá: £2,300 lóṣù kí wọ́n tó yọ ohunkóhun. Àmọ́ nígbà tí ìwé owó-oṣù ti oṣù kẹrin dé, mo rí i pé owó orí tí wọ́n yọ ti kúrò ní £229, ó ti di £250. Èmi kò pààrọ̀ iṣẹ́. Ọkọ mi ló pààrọ̀ tirẹ̀ ní oṣù kọkànlá. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ọ́fíìsì ló ń ṣe nírọ̀lẹ́ nígbà tó ń kàwé, nǹkan bí £9,000 lọ́dún. Ní báyìí ó ti wọ iṣẹ́ ojoojúmọ́, £26,000 sì ni wọ́n ń san fún un. Àbúrò mi tó wà ní Houston ní ìjọba ti da owó àwa méjèèjì pọ̀ nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni? Àbí a ti jẹ gbèsè tí a kò mọ̀?
Ìyá Ìbejì, Woolwich, Lọ́ńdọ̀nù

ÌDÁHÙN: Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí rú yín lójú. Ẹ̀yin kọ́ lẹ pààrọ̀ iṣẹ́, síbẹ̀ ìwé tiyín ló yí padà, kò sì yí padà lóṣù tí ọkọ yín wọṣẹ́ tuntun, àfi ìgbà tí oṣù márùn-ún ti kọjá. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tilẹ̀ wo ìwé náà kọjá iye tó wọ báńkì. Ó dáa bí ẹ ṣe wò ó.

Ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yìí, n kò rí gbèsè kankan níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì da owó yín pọ̀. Ohun kan tí wọ́n ń pè ní Marriage Allowance, èyí tí ọkọ yín ti fún yín tẹ́lẹ̀, ló ti padà sọ́dọ̀ rẹ̀. £21 tó lé lórí owó orí yín gan-an ló tú u fó.

Ní Ìlú Ọba, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń san owó orí tirẹ̀. Nígbà kan rí, òfin a máa ka owó tí ìyàwó ń gbà mọ́ ti ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fòpin sí i ní oṣù kẹrin 1990. Àbúrò yín kò purọ́ o. Ní Amẹ́ríkà, tọkọtaya lè ṣe ìwé owó orí wọn pọ̀, iṣẹ́ tuntun tí ọ̀kan bá rí sì lè da ìṣirò èkejì rú. Ohun tó mọ̀ níbi tó ń gbé ló sọ.

Níbí, £12,570 wà lọ́dún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí owó orí kò kàn. Nínú pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tó bá lé, wọ́n ń mú 20 pẹ́ńsì, títí tí owó ẹni yóò fi dé £50,270. Nígbà tí £9,000 péré ń wọlé fún ọkọ yín, kò lè lo £12,570 tirẹ̀ tán. Láti 2015 ni òfin ti gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ láyè kó gbé apá kan rẹ̀, tí í ṣe £1,260 báyìí, fún ọkọ tàbí aya rẹ̀. Bí ọkùnrin tó ní ilẹ̀ tí kò rí ro tán ṣe máa ń ní kí ìyàwó gbin ẹ̀gẹ́ sí èyí tó kù, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ẹ mú ìwé oṣù kẹta àti ti oṣù kẹrin, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ “Tax Code” sí. Ó dá mi lójú pé 1383M lẹ máa bá lórí ti àkọ́kọ́, àti 1257L lórí ti èkejì. Ẹ fi òdo kan sẹ́yìn nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí iye tí wọn kò ní fọwọ́ kàn lọ́dún: £13,830 tẹ́lẹ̀, £12,570 báyìí. £1,260 ọkọ yín ló wà láàárín méjèèjì. Ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ £252. Ẹ pín ìyẹn sí oṣù méjìlá, £21 ni. Lẹ́tà M jẹ́ ti ẹni tó gbà, N sì jẹ́ ti ẹni tó fún un. 1131N ni kóòdù ọkọ yín nígbà náà.

Kí ló dé tó fi gbà á padà? Òun náà ti nílò rẹ̀. Lórí £26,000, bó bá fi £1,260 náà sílẹ̀ lọ́wọ́ yín, owó orí tirẹ̀ yóò jẹ́ £2,938 lọ́dún. Bó bá gbà á padà, yóò jẹ́ £2,686. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì: £252 kan náà ni. Ohun tó dín lápò yín ti kún tirẹ̀, ilé yín kò pàdánù kọ́bọ̀. Bí £21 náà yóò ṣe máa padà sídìí ìkòkò ọbẹ̀ lóṣooṣù, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa sọ ìyẹn. HMRC, ìyẹn iléeṣẹ́ owó orí, kò sí níbẹ̀.

Ti oṣù kẹrin wá ńkọ́? Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin ni ọdún owó orí máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tó fún ni bá fagi lé ètò yìí nítorí pé owó rẹ̀ ti pọ̀ sí i, ẹni tó gbà á á ṣì máa jẹ àǹfààní rẹ̀ títí di ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí ìyípadà kankan nígbà Kérésìmesì. Wọn kò sì ní padà wá béèrè èyí tí ẹ ti jẹ lọ́wọ́ yín.

Ẹni tó fún ni ló ń fagi lé e, torí náà ọ̀dọ̀ ọkọ yín ni kí ẹ ti kọ́kọ́ béèrè. Ẹ má bínú sí i bí kò bá sọ fún yín. Èèyàn lè tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù lákòókò ìsinmi, kó sì gbàgbé rẹ̀ kó tó délé. Ẹ tún yẹ àwọn àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀ tí ẹ kò tíì já wò; ó ṣeé ṣe kí lẹ́tà kóòdù tuntun yín wà láàárín wọn.

Ohun tó kù kò le. National Insurance yín kò bá kóòdù yìí lọ rárá: nǹkan bí £100 lẹ máa bá lórí ìwé méjèèjì. Bí M1 bá wà lẹ́yìn kóòdù ọkọ yín ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, a jẹ́ pé P45, ìyẹn ìwé ìkúrò níṣẹ́ láti ibi iṣẹ́ àtijọ́, kò tètè dé. Owó orí tí wọ́n yọ lára rẹ̀ nígbà náà lè ti pọ̀ jù, kó bi HMRC bóyá wọ́n jẹ ẹ́ ní nǹkan. Owó Child Benefit àwọn ìbejì náà kò léwu: àfi tí owó ọ̀kan nínú yín, òun nìkan, bá lé ní £60,000 lọ́dún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà lára rẹ̀ padà.

Bí ọkọ yín bá tún padà sílé ìwé, tí owó rẹ̀ sì wá sí ìsàlẹ̀ £12,570, ó lè tún gbé £1,260 náà fún yín, wọ́n sì lè ṣírò rẹ̀ padà sẹ́yìn títí dé ọdún mẹ́rin fún àwọn ọdún tó bá tọ́ sí yín. Orí gov.uk ni kó ti ṣe é fúnra rẹ̀. Kò ná nǹkan kan, torí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ní òun máa bá yín gbà á bu nínú £252 yín.